Ta Ló Ran Òwú Rẹ̀?

Kò sí òde ìnáwó tí èèyàn kò ní bá àgbà kan níbẹ̀ tí yóò di etí aṣọ òkè ẹni mú, tí yóò fi àtàǹpàkò rà á wò, tí yóò sì yọ ṣùtì. "Èyí náà lẹ̀ ń pè ní aṣọ òkè? Ọ̀rá ni, jàre." Aṣọ rírán ni mo fi ń jẹun nílùú Ìbàdàn, mo sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí débi pé mo ti ń mọ̀ ọ́n lójú wọn kó tó dé ẹnu. Wọn ò purọ́. Ọ̀rá wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé bí o bá bi àwọn àgbà yìí kan náà pé aṣọ òkè ayé àtijọ́ tí wọ́n ń yìn, ta ló ran òwú rẹ̀, orúkọ ìlú ni wọn yóò sọ fún ọ: Ìṣẹ́yìn, Ìlọrin, Ọ̀yọ́. Wọ́n lè dárúkọ ahunṣọ pàápàá, kí wọ́n tún ki oríkì rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó ran òwú kò ní sí nínú ìtàn wọn.

Oníbàárà mi kan ló gbé agbádá sányán bàbá rẹ̀ àgbà wá, ó ní kí n tú u, kí n fi rán kóòtù fún ọkọ ìyàwó. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí aṣọ náà wà bó ṣe wà. Ó ní bó bá wà bẹ́ẹ̀, inú àpótí ni ikán yóò ti jẹ ẹ́ tán. Mo gbà fún un. Ọwọ́ ni wọ́n fi rán agbádá yẹn látòkè délẹ̀. Nígbà tí mo tú ojú rírán rẹ̀, inú ibi tí wọ́n ṣẹ́ léra kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìta tí oòrùn ti pa fún ọ̀pọ̀ ọdún: àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ ni tinú, àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ ni tìta. Mo fa fọ́nrán kan yọ níbẹ̀, mo ṣáná sí i. Kò tètè gbaná. Ó ká kò, òórùn irun tó jóná gba ṣọ́ọ̀bù mi kan, eérú rẹ̀ sì di lẹ́búlẹ́bú nígbà tí mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Mo wá fa fọ́nrán mìíràn lára "sányán" tuntun tí mo rà lọ́jà Ọjẹ́, ọjà aṣọ òkè tí í pé ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún síra wọn. Àwọ̀ kan náà ni, ìlà funfun kan náà ló sì wà láàárín rẹ̀. Ìyẹn yọ́ ni. Ó sún kì, ó kán sílẹ̀, ó di kóró dúdú kan tí mo fi èékánná họ títí tí kò ṣí kúrò lórí tábìlì. Àwa aránṣọ òde òní kì í gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé aṣọ òkè láì kọ́kọ́ jó fọ́nrán rẹ̀ wò. Èyí tó bá jó bíi pépà, ẹ lè fọkàn balẹ̀. Èyí tó bá yọ́, ẹ fi aṣọ tútù lé e lórí kí ẹ tó lọ̀ ọ́.

Òórùn irun yẹn kì í ṣe àkọsẹ̀bá. Ara kòkòrò ni sányán ti ń wá. Kòkòrò kan wà nínú igbó wa tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anaphe. Wọ́n máa ń kó ara wọn jọ sórí igi, gbogbo wọn á para pọ̀ hun àpò ńlá kan, oníkálukú á tún wá hun ilé tirẹ̀ sínú àpò náà. Àpò yẹn ni wọ́n ń lọ já. Irun ara kòkòrò náà a máa yún ni gan-an, nítorí náà iṣẹ́ ọ̀hún kì í ṣe ti ẹni tí kò fẹ́ wàhálà. Wọ́n á sè é nínú omi eérú títí ohun tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ á fi tú, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó máa ràn án. Sílíìkì ti ilẹ̀ Ṣáínà ṣeé fà jáde ní fọ́nrán gígùn kan ṣoṣo láti inú ilé kòkòrò rẹ̀. Tiwa kò gbà bẹ́ẹ̀, àfi kí èèyàn jókòó kó máa ràn án díẹ̀díẹ̀ bíi ti òwú. Ìdí tó fi wọ́n nìyẹn. Òun ló sì fà á tí wọ́n fi ń sọ pé sányán ni baba aṣọ, àlàárì ni baba ẹ̀wù.

(Àwọn kan a máa jẹ kòkòrò yìí náà. Àìsàn kan wà tó máa ń mú èèyàn gbọ̀n, tí onítọ̀hún kò ní lè rìn gaara, tó máa ń dé lásìkò òjò láwọn ìlú kan ní apá ibí yìí. Nígbà tí àwọn dókítà wa tọpa rẹ̀, ìdí ọbẹ̀ kòkòrò yìí ló já sí: ó ní ohun kan nínú tó ń ba fítámìnì B1 jẹ́ lára ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò dára tó tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká máa wọ̀ ọ́ ni o.)

Lọ́jà òní, àwọ̀ lásán ni sányán. Wọ́n pa òwú ilé iṣẹ́ láró kó lè jọ ọ́, ó tán. Mo bi bàbá kan tó ń hun aṣọ fún mi ní Ìṣẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò ní sányán gidi rárá mọ́ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò dá òfì dúró. "Ìyá Télọ̀, ta ni yóò wọ igbó lọ já a? Ta ni yóò sè é? Àwọn ìyá tó ń ràn án ti lọ, àwọn ọmọ wọn sì wà nídìí POS."

Àwọn ìyá. Òfì tóóró tí aṣọ òkè ti ń jáde, ọkùnrin ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀ láyé àtijọ́. Àwọn obìnrin ní òfì tiwọn, èyí tó dúró lóòró, tí wọ́n fi ń hun kíjìpá. Ṣùgbọ́n òwú tí bàbá yẹn ń hun, ta ló yọ kóró inú rẹ̀? Ta ló gbọ̀n ọ́n, ta ló ràn án, ta ló rẹ ẹ́ sínú aró? Obìnrin ni, ìyá àgbàlagbà lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e lọ sóko mọ́ ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì sinmi. Òwú tí ahunṣọ kan fi jókòó hun láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́ ti kọ́kọ́ jẹ obìnrin bíi mélòó kan ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. A máa ń pa á lówe pé òwú tí ìyá bá gbọ̀n lọmọ ń ran. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí rédíò lọ́jọ́ kan, ó sì ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Mo rò ó pé bí wọ́n bá kó òwú tútù sí i níwájú báyìí, yóò bèèrè bóyá fún irọ̀rí ni.

Nígbà tí òwú tí ẹ̀rọ ti ràn bẹ̀rẹ̀ sí dé láti òkè òkun, ahunṣọ kò ní ìdí kankan láti kọ̀ ọ́. Ó dọ́gba, kì í tètè já, kì í sì í dá ọ̀kọ̀ dúró. Kò sẹ́ni tó lé àwọn obìnrin kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n kàn dẹ́kun rírà lọ́wọ́ wọn ni. Òyìnbó sì fẹ́ òwú wa náà o, ṣùgbọ́n tútù ni wọ́n fẹ́ ẹ. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní British Cotton Growing Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1902, wá dáko òwú ní Ìbàdàn níbí. Oko yẹn ni Moor Plantation, tí gbogbo wa mọ̀ lónìí sí ibi ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀. Kì í ṣe nítorí òfì Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ṣe ń gbin òwú yẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ní Lancashire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ń wá a fún, kí Lancashire náà sì lè rí ohun tí yóò tà padà fún wa.

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé ìgbà tí òyìnbó dé ni nǹkan bàjẹ́. Ẹ wo àlàárì, pupa rẹ̀ tó ń tàn yẹn. Sílíìkì inú rẹ̀, aṣálẹ̀ Sàhárà ló là kọjá láti Tripoli dé Kano, kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Àjẹkù sílíìkì láti àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ràkúnmí ló gbé òwú baba ẹ̀wù wá. Àwọn baba wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi jọba, wọ́n fi gbéyàwó, kò dí wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbọ́ "kì í ṣe tiwa" lórí ọ̀rọ̀ aṣọ, etí kan ni mo fi ń gbọ́ ọ.

Abẹ́òkúta ni ọ̀rọ̀ yìí ti yé mi jù, nítorí pé níbẹ̀, ìjà aró dé iwájú ọba. Kí aṣọ òyìnbó tó kún ọjà, aṣọ híhun ni àwọn aláró ń rẹ. Aṣọ náà nípọn, ara rẹ̀ kò dán. O lè dì í ní kókó kékeré, o lè fi abẹ́rẹ́ ká a kó o tó rẹ ẹ́ sínú ìkòkò, ṣùgbọ́n àwòrán wẹ́wẹ́ kò lè jókòó lé e. Ìgbà tí aṣọ funfun pẹ́lẹ́bẹ́ dé láti Manchester ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó rí ibi tẹ́. Ní Ìbàdàn, wọ́n á po ẹ̀kọ láfún mọ́ álọ́ọ̀mù díẹ̀, wọ́n á ti ìyẹ́ adìẹ bọ̀ ọ́, wọ́n á máa fi yàwòrán ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n á gé páànù ní ihò ihò, wọ́n á gba ibẹ̀ fa ẹ̀kọ náà sórí aṣọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní wọ̀ ọ́. Ìbàdàndùn, Olókun, gbogbo àwòrán tí à ń nà bí ogún ìran wa lónìí, bí kò bá sí aṣọ Manchester, a kì bá tí rí wọn. Mo mọ̀ pé àwọn kan kò ní fẹ́ràn gbólóhùn yìí. Òótọ́ ni ṣá.

Aró náà ńkọ́? Ewé elú ni wọ́n ń gún, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a gbẹ. Wọ́n á jó igi di eérú, wọ́n á máa sẹ́ omi eérú náà láti inú ìkòkò kan sí òmíràn. Wọ́n á da elú sí i, wọ́n á sì fi sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ títí yóò fi pọ́n. Nínú ọjọ́ wọ̀nyẹn, aró inú ìkòkò lè bàjẹ́, kí gbogbo làálàá sì di òfo. Abájọ tí wọ́n fi ń bọ Ìyá Mápó, òrìṣà àwọn aláró, abájọ tí ẹni tó bá ń kọjá fi gbọ́dọ̀ kí wọn pé, "Àrẹ̀dú o!" Ní 1897, ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì gbé aró àtọwọ́dá tó jọ elú jáde fún títà. Nígbà tó dé Abẹ́òkúta pẹ̀lú sódà tó rọ́pò omi eérú, ohun tó ń gba ọ̀sẹ̀ di ohun tó ń gba wákàtí.

Ọjà aláró gbóná ní àwọn ọdún 1920. Àwọn oníbàárà ń wá láti Senegal àti Gold Coast (Ghana òde òní) wá kó àdìrẹ. Nígbà tó di pé ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dojú dé, ọjà náà fọ́, ẹjọ́ sì bẹ̀rẹ̀: sódà ń jẹ aṣọ, aró òyìnbó ń ṣí. Ní àwọn ọdún 1930, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin dè é pé kí wọ́n má lo sódà àti aró òyìnbó mọ́. Àwọn aláró kò gbà. Wọ́n kọ̀wé ẹ̀hónú, wọ́n gba lọ́yà, ọ̀rọ̀ náà le débi tí ìgbìmọ̀ ìwádìí fi jókòó lé e lórí ní 1936.

Mo fẹ́ràn àwọn obìnrin yẹn. Wọ́n mọ elú ju ẹni tó ń gbèjà elú lọ. Àwọn ló mọ iye igi tí wọ́n ń rà jó di eérú, àwọn ló mọ iye tí aṣọ kan kù sí lọ́jà, wọ́n sì mọ̀ pé bí aṣọ bá wọ́n díẹ̀ sí i, oníbàárà kò ní rà á. Ẹni tí kò ti ọwọ́ bọ ìkòkò ló rọrùn fún láti sọ pé ti àtijọ́ ni kí wọ́n máa ṣe. Síbẹ̀, ẹjọ́ àwọn tó ń ráhùn kì í ṣe ẹjọ́ òfo pátápátá. Aṣọ tí sódà pọ̀ jù nínú rẹ̀ a máa ya lójú abẹ́rẹ́. Ìgbà tí kàǹpálà wá dé, tí wọ́n ń fi àbẹ́là àti aró olóríṣìíríṣìí àwọ̀ ṣe é sórí gínní, kò tún sẹ́ni tó pe ìgbìmọ̀ ìwádìí. Àdìrẹ ẹ̀rọ tó ń wọlé láti òkè òkun báyìí ló yẹ ká máa bá jà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò: aṣọ tó wọnú ìkòkò máa ń mu aró lójú méjèèjì, ti ẹ̀rọ, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í mu aró tó ojú rẹ̀.

Léèsì kò ní gbà mí lákòókò. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn ará Lustenau, ìlú kékeré kan ní Vorarlberg ní Austria, ti ń fi ẹ̀rọ ṣe ọnà sára aṣọ fún wa. Kì í ṣe fún ara wọn. Àwọn ìyá ọlọ́jà wa wọ bàálù lọ bá wọn níbẹ̀, wọ́n sọ ọnà àti àwọ̀ tí Yorùbá yóò rà. Owó epo gbé wòńyòsí, léèsì olówó ńlá, dé òde ìnáwó, ìjọba fòfin de léèsì òkè òkun kí àwọn ọdún 1970 tó parí, bodè sì ń gbé e wọlé lẹ́yìn òfin. Ohun tó kàn wá níbí ni pé aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn ló kọ́ wa pé a lè jáde gẹ́gẹ́ bí ọlọ́lá láì ru ẹrù. Lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ òkè wíwúwo di ìyà lójú àwọn ọmọ.

Àwọn ahunṣọ náà kò sùn. Wọ́n wá òwú tó fúyẹ́. Rayon wà, tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rí ọ̀nà ṣe láti ara igi ní 1892; ìyẹn ló ń jó bíi pépà nídìí ìṣáná mi. Polyester wà, tí Whinfield àti Dickson ṣe ní 1941 fún ẹgbẹ́ àwọn atẹ̀ṣọ ní Manchester, Manchester kan náà tó ń kó aṣọ funfun ránṣẹ́ sí àwọn aláró. Inú epo rọ̀bì ni polyester ti ń wá. Epo la fi ra léèsì, epo náà la wá ń wọ̀. Lurex sì wà, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1946: ìrínrín álúmíníọ́mù tín-ín-rín tí wọ́n bò mọ́ àárín ọ̀rá. Òun ló ń dán nínú ṣáínṣáín, aṣọ òkè tó ń kọ mànà, tó gba ìgboro ní àwọn ọdún 1980. Ó dára lójú fídíò. Ó tún máa ń họ ọrùn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi láínìn òwú sí kọ́là gbogbo aṣọ òkè tí mo bá rán, bí oníbàárà kò tilẹ̀ sanwó rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé òwú kọ́ ló kọ́kọ́ yí padà. Iye ìgbà tí à ń wọ aṣọ ló kọ́kọ́ yí. Agbádá sányán tí mo tú yẹn ti rí ìgbéyàwó, ìwúyè, òkú àgbà, ọdún lóríṣìíríṣìí, ó sì ti bọ́ sọ́rùn ẹlòmíràn kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Aṣọ ẹbí tí mo ń rán báyìí, Sátidé kan ni. Ẹni tí yóò wọ aṣọ lẹ́ẹ̀kan, kí ni yóò fi òwú tó lè lo ọgọ́rin ọdún ṣe? Ahunṣọ ń hun ohun tí a béèrè, a ò sì béèrè pé kó pẹ́.

Níbi àkísà ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà jẹ́ ọrọ̀ nígbà náà. Ìró tó ti gbó ni wọ́n fi ń pọn ọmọ, ó tún ń di òṣùká, ó ń di ohun tí à ń fi nulẹ̀, títí ilẹ̀ á fi jẹ ẹ́. Ẹ mú gèlè ọ̀rá tó ti gbó, kí ẹ fi nu omi nílẹ̀ kí n rí yín. Ńṣe ni yóò máa ti omi kiri. Bí ẹ sọ ọ́ sóko, ẹ ó bá a níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ òjò, àwọ̀ rẹ̀ ni yóò ti lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, àjẹkù aṣọ òwú kì í pẹ́ nílẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ àti mẹkáníìkì ń wá kó o. Ti ọ̀rá, àpò àpò ló wà lẹ́yìnkùlé, kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀.

Bàbá ní Ìṣẹ́yìn gbà báyìí láti máa fi òwú gidi hun fún mi, bí mo bá san àsansílẹ̀. Òwú ilé iṣẹ́ ni o, kì í ṣe òwú ọwọ́. Ó wọ́n ju ti ọ̀rá lọ, ó sì wúwo díẹ̀. Àwọn oníbàárà kan ń rà á, pàápàá àwọn tó ti làágùn nínú ṣáínṣáín lọ́sàn-án rí. Òwú ọwọ́ ni mo ṣì ń wá. Bí ẹ bá mọ ìyá kan tó ṣì ń ran òwú, ì báà jẹ́ nínú abúlé, ì báà jẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń rí ràn lọ́sẹ̀, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo fẹ́ rà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ wá ya fótò wọn. Kí wọ́n sọ iye tí wọ́n máa gbà, mi ò ní ná an.